Ta Ni Wọ́n Kà Mọ́ Ènìyàn?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1790, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Vincent Ogé ti ìlú òyìnbó padà dé sí Saint-Domingue. Orúkọ yìí ni àwọn Faransé ń pe ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Haiti lónìí, ní apá ìwọ̀-oòrùn erékùṣù kan nínú òkun Kàríbíánì. Ọmọ àdàlù ni Ogé: ẹ̀jẹ̀ òyìnbó àti ti adúláwọ̀ ló pàdé lára rẹ̀. Ó lówó lọ́wọ́, ó mọ̀wé, ìdílé rẹ̀ sì ní ẹrú. Paris ló wà nígbà tí àwọn aṣòfin Faransé kéde ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn, ó sì gbà pé ọ̀rọ̀ náà kan òun. Nígbà tó délé, ó kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn adúláwọ̀ àti àdàlù tí kì í ṣe ẹrú máa dìbò bí òyìnbó ṣe ń dìbò. Wọ́n kọ̀. Ogé kó nǹkan bí 300 ọkùnrin jọ, wọ́n gbé ìbọn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣẹ́gun wọn. Ó sá wọ apá tó wà lọ́wọ́ àwọn Sípéènì, wọ́n fà á lé Faransé lọ́wọ́. Ní oṣù kejì ọdún 1791, ní gbangba ìlú Cap-Français, wọ́n de òun àti Jean-Baptiste Chavannes mọ́ àgbá kẹ̀kẹ́, wọ́n sì fọ́ eegun wọn títí ẹ̀mí fi bọ́ lára wọn.

Ikú oró ni. Síbẹ̀, ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ Ogé tó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò. Nínú ìwé tó kọ sí àwọn aláṣẹ, ó fi dá wọn lójú pé òun kò ní ru àwọn ẹrú sókè. Ẹ̀tọ́ àwọn bíi tirẹ̀ nìkan ló ń bèèrè lọ́wọ́ wọn. Àwọn òyìnbó ti fa ìlà yí ẹ̀tọ́ ká, wọ́n sì fi Ogé sẹ́yìn ìlà. Ohun tó fẹ́ ni kí wọ́n sún ìlà náà díẹ̀ kí òun lè wọlé. Báyìí ni ìtàn ẹ̀tọ́ àti ìdọ́gba ṣe rí láti ìgbà tí àwọn onírònú ti ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ ọ́ kò gbèrò kí ó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ayé. Àwọn tí wọ́n fi sẹ́yìn ìlà ló gbé e dé ibẹ̀.

Èrò inú àwọn ìwé náà lágbára, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ará Yúróòpù ni pé Ọlọ́run ló fi ọba jẹ, Ọlọ́run nìkan ló sì lè bi í léèrè. Bossuet, bíṣọ́ọ̀bù tó kọ́ ọmọ ọba Louis Kẹrìnlá níwèé, fi Bíbélì ti ẹ̀kọ́ yìí lẹ́yìn. Ní 1689, John Locke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yí ọ̀rọ̀ náà po. Ó ní òmìnira ni Ọlọ́run dá ènìyàn sí, kò sí ẹni tí a bí láti jọba lé ẹlòmíràn lórí, àdéhùn ni ìjọba, ìjọba tó bá sì da àdéhùn náà, àwọn ará ìlú lè mú un kúrò. Ní 1762, Jean-Jacques Rousseau, ọmọ ọkùnrin kan tó ń ṣe aago ní Geneva, gbé e síwájú sí i. Ó ní àwọn ará ìlú lápapọ̀ ló ni àṣẹ, ẹnikẹ́ni kò sì lè ta àṣẹ náà, ì báà ṣe ọba. Ní Geneva tí wọ́n ti bí i gan-an, wọ́n dáná sun ìwé tó kọ ọ́ sí.

Ṣùgbọ́n Locke yìí kan náà fi owó sínú ilé iṣẹ́ Royal African Company, tí ń kó ènìyàn láti etíkun Áfíríkà lọ tà. Ó wà lára àwọn tó ṣètò òfin ìpínlẹ̀ Carolina ní 1669, òfin tó fún olówó ẹrú ní àṣẹ pátápátá lórí ẹrú rẹ̀. Ní 1776, Thomas Jefferson kọ Ìkéde Òmìnira Amẹ́ríkà, ó sì fi ìdọ́gba gbogbo ènìyàn ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹrú tó ní ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lé ní 600.

Kì í ṣe ìwé nìkan ló dá ogun àti ìyípadà sílẹ̀. Ní Faransé, àpò ìjọba ti gbẹ, owó tí ọba ná láti ran Amẹ́ríkà lọ́wọ́ lójú ogun sì wà lára ohun tó gbẹ ẹ́. Ìkórè burú ní 1788, búrẹ́dì wọ́n gógó ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwọn àlùfáà àti ìjòyè kò san èyí tó pọ̀ jù nínú owó orí, mẹ̀kúnnù ló ń san án. Ebi ti pa mẹ̀kúnnù Faransé rí, wọ́n sì ti jà nítorí búrẹ́dì rí, ṣùgbọ́n ọba ni wọ́n máa ń bẹ̀ pé kí ó ṣàánú wọn. Ní 1789, wọn kò bẹ̀bẹ̀ mọ́, ẹ̀tọ́ ni wọ́n ń bèèrè. Nígbà tí Sieyès, tó jẹ́ àlùfáà fúnra rẹ̀, tẹ ìwé pélébé kan jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà láti fi hàn pé àwọn mẹ̀kúnnù gan-an ni orílẹ̀-èdè, àwọn tó kà á rí i pé ohun tó ń dùn wọ́n ti ní orúkọ. Iṣẹ́ tí ìrònú ṣe nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 1789, ìgbìmọ̀ aṣòfin Faransé fọwọ́ sí Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ènìyàn àti ti Ọmọ Ìlú. Ẹ̀ka 17 ló ní. Èkíní sọ pé a bí ènìyàn sínú òmìnira, wọ́n sì dọ́gba nínú ẹ̀tọ́. Èyí tó kẹ́yìn sọ pé ohun ìní ènìyàn jẹ́ ohun mímọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lásán. Àwọn olóko ṣúgà tó wà ní Paris ka ìkéde náà láti ìparí wá. Bí ẹrú bá jẹ́ ènìyàn, ẹ̀ka kìn-ín-ní ti dá a sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ohun ìní, ẹ̀ka ìkẹtàdínlógún ti dè é mọ́lẹ̀. Ìwé kan náà ló wà fún ìhà méjèèjì, aṣòfin kan kò sì lè sá fún ìbéèrè náà títí láé.

Àwọn kan kò tilẹ̀ fẹ́ sá. Brissot ti dá Ẹgbẹ́ Ọ̀rẹ́ Àwọn Adúláwọ̀ sílẹ̀ ní Paris ní 1788. Condorcet, onímọ̀ ìṣirò, ti kọ ìwé tako ìkónilẹ́rú ní 1781. Àlùfáà Grégoire dìde nínú ilé aṣòfin fún àwọn àdàlù. Olympe de Gouges, obìnrin tó ti kọ eré orí ìtàgé lórí ìyà ẹrú, rí i pé wọ́n ti fi àwọn obìnrin náà sẹ́yìn ìlà. Ní 1791, ó kọ Ìkéde Ẹ̀tọ́ Obìnrin, ó sì tò ó ní ẹ̀ka 17 gẹ́gẹ́ bí ti àwọn ọkùnrin. Ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún 1793, ìjọba tó ń fi orúkọ ìdọ́gba ṣe àkóso bẹ́ ẹ lórí. Obìnrin Faransé kò dìbò títí di 1945.

Ní Saint-Domingue, ìbéèrè náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé. Nǹkan bí 500,000 ẹrú ló wà níbẹ̀ ní 1789. Àwọn òyìnbó kò ju nǹkan bí 30,000 lọ, àwọn àdàlù àti adúláwọ̀ tí kì í ṣe ẹrú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tó wọn. Kò sí ilẹ̀ kan lábẹ́ òyìnbó tí ṣúgà àti kọfí ti ń jáde tó bẹ́ẹ̀. Òfin tí ọba Faransé ṣe ní 1685 là á sílẹ̀ bí wọn yóò ṣe fìyà jẹ ẹrú tó bá sá lọ fún oṣù kan: wọn yóò gé etí rẹ̀, wọn yóò fi irin gbígbóná sàmì sí èjìká rẹ̀. Bó bá tún sá, wọn yóò gé iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, ikú ni. Ẹrú máa ń kú nínú oko ìrèké ju iye tí wọ́n ń bí lọ, nítorí náà ọkọ̀ kò yéé kó àwọn mìíràn wá. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé Áfíríkà ni wọ́n ti bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Àwọn ọmọ Kongo ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n kó ní etíkun Àlàdá àti Ouidah wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn ọmọ Yorùbá sì wà nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Nago. Títí di òní, nínú ẹ̀sìn Vodou ní Haiti, ọ̀wọ́ òrìṣà kan wà tí wọ́n ń pè ní Nago, Ògún sì ni olórí wọn. Irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò dé Saint-Domingue pẹ̀lú orí òfìfo. Yorùbá ló ń sọ pé ìbí kò ju ìbí, bí a ṣe bí ẹrú la bí ọmọ. Ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ tó ohunkóhun tí Locke kọ, ṣùgbọ́n àwa náà kò gbọdọ̀ fi ojú àwọn baba wa pamọ́. Àwọn tó ń pa òwe yìí ní ẹrú nínú agbo ilé, wọ́n sì ta ẹni tí wọ́n mú lójú ogun fún àwọn oníṣòwò etíkun. Bí Jefferson ṣe wí tí kò ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà wa. Ẹni tí wọ́n tà ló mọ ìtumọ̀ òwe náà délẹ̀délẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1791, àwọn ẹrú láti oko púpọ̀ ṣe ìpàdé ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n bọ òrìṣà, wọ́n sì búra nínú igbó tí a mọ̀ sí Bois Caïman. Boukman ló ṣáájú wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù náà, iná sọ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ àríwá. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún oko ìrèké ti di eérú.

Ṣé Rousseau ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí kà? Ìwọ̀nba díẹ̀ ló mọ̀wé nínú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún olówó wọn gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lórí tábìlì, àwọn atukọ̀ ojú omi sì ń mú ìròyìn Paris wá sí èbúté. Òyìnbó kan tó bá wọn jagun kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn mú ọ̀kan nínú àwọn ẹrú náà, àwọn sì pa á. Nínú àpò rẹ̀, wọ́n bá àwọn ìwé pélébé láti Faransé tó ń sọ nípa ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn. Ní àyà rẹ̀, wọ́n bá àpò òògùn kékeré tí wọ́n di irun, ewé àti egungun sí. Ọkùnrin náà kò yan ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì. Macaya, ọmọ Kongo tó jẹ́ olórí ogun, kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ ti ìjọba tí kò ní ọba. Nígbà tí wọ́n ní kí ó wá darapọ̀ mọ́ àwọn Faransé ní 1793, ó fèsì pé ọba mẹ́ta lòun ń sìn: ti Kongo, ti Faransé àti ti Sípéènì. Òmìnira ni gbogbo wọn ń wá, ọ̀nà tí wọ́n gbà rò ó kò sì rí bákan náà.

Ìjà wọn ló fipá mú Paris láti ronú. Ní 1793, Sípéènì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjú ogun sí Faransé, Saint-Domingue sì fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ, Sonthonax, aṣojú ìjọba Faransé, kéde òmìnira fún àwọn ẹrú apá àríwá. Saint-Domingue wá rán aṣojú mẹ́ta lọ sílé aṣòfin ní Paris: òyìnbó kan, àdàlù kan, àti Jean-Baptiste Belley, tí wọ́n bí ní Senegal, tó ti ṣe ẹrú rí kí ó tó ra ara rẹ̀ padà. Ní ọjọ́ 4 oṣù kejì ọdún 1794, ìṣojú wọn ni ilé náà ti fòpin sí oko ẹrú ní gbogbo ilẹ̀ Faransé. Ọdún mẹ́rin àtààbọ̀ ti kọjá lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ ọ́ pé gbogbo ènìyàn dọ́gba.

Ní àkókò yìí kan náà, àríyànjiyàn ńlá ń lọ láàárín àwọn onírònú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Edmund Burke ti kọ̀wé ní 1790 pé ẹ̀tọ́ tí kò ní gbòǹgbò nínú òfin àti àṣà àwọn baba ńlá ẹni kò lè dúró. Thomas Paine fún un lésì ní 1791 pé òkú kò lè máa ṣòfin de alààyè. Jeremy Bentham ní tirẹ̀ kò gbà pé ẹ̀tọ́ kankan wà ṣáájú òfin. Àwọn tó ka Burke àti Bentham lónìí ṣì ń rí ọgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbé e ka iwájú ẹrú kan ní Saint-Domingue. Àwọn baba ńlá rẹ̀ wà lẹ́yìn òkun, àṣà wọn kò sì lè gbà á lọ́wọ́ pàṣán. Òfin tó wà níbẹ̀ ni èyí tó ní kí wọ́n gé etí rẹ̀. Bí ẹ̀tọ́ bá ti ọ̀dọ̀ baba ńlá tàbí òfin nìkan wá, a jẹ́ pé kò ní ẹ̀tọ́ kankan láti bínú. Àyàfi tí a bá gbà pé a bí ẹ̀tọ́ mọ́ ọn ni a tó lè sọ pé olówó rẹ̀ ṣẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi wúlò fún ẹni tí kò ní nǹkan mìíràn ju bí ó ti wúlò fún ẹni tó kọ ọ́ lọ.

Ẹnì kan tó mọ èyí dáadáa ni Toussaint Louverture. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí, ó ti di òmìnira kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, ó sì di ọ̀gágun tó lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kúrò. Ní 1801, ó ṣe òfin ìlú tó sọ pé kò lè sí ẹrú mọ́ láé. Síbẹ̀, òun náà fi ṣọ́jà dá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira padà sínú oko ìrèké, ó sọ ara rẹ̀ di gómìnà títí ọjọ́ ikú, ó sì jẹ́ kí wọ́n yìnbọn pa Moïse, ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó gbà bí ọmọ, lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ oko ṣọ̀tẹ̀. Kò sí ẹni tí ìlà náà kò lè dán wò.

Napoleon, tó ń ṣàkóso Faransé nígbà náà, fẹ́ dá ohun gbogbo padà. Ó rán ọkọ àbúrò rẹ̀, Leclerc, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1802, òfin tuntun fọwọ́ sí oko ẹrú ní àwọn ilẹ̀ kan tó wà lọ́wọ́ Faransé. Wọ́n fi ẹ̀tàn mú Toussaint, ó sì kú sínú túbú Fort de Joux lórí òkè olótùútù ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1803. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti jẹ òmìnira lẹ́nu kò padà. Ibà pọ́njú pa ọmọ ogun Faransé, ó pa Leclerc pàápàá. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1803, ọ̀gágun Jean-Jacques Dessalines borí wọn ní Vertières, ó sì kéde òmìnira Haiti ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1804.

Lẹ́yìn ìṣẹ́gun náà, Dessalines pàṣẹ kí wọ́n pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Faransé tó ṣẹ́ kù, obìnrin àti ọmọdé pẹ̀lú. Ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìṣẹ̀ ni, ìyà tí ojú ẹrú rí kò sì sọ ọ́ di ohun rere. Ní 1805, òfin ìlú tuntun fòpin sí oko ẹrú títí láé, ó sì sọ ohun kan tí ayé kò gbọ́ rí: dúdú ni wọn yóò máa pe gbogbo ọmọ Haiti, àwọ̀ yòówù kí wọ́n ní. Àwọn ọmọ Poland tó ti kúrò lẹ́yìn Napoleon àti àwọn ọmọ Jámánì tó wà níbẹ̀ di ọmọ onílẹ̀ lábẹ́ òfin yìí. Àwọ̀ tí wọ́n fi ń ti ènìyàn síta tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wá fi ṣe orúkọ gbogbo ará ilé.

Ìròyìn náà tàn. Alexandre Pétion, ààrẹ Haiti, fún Simón Bolívar ní ìbọn àti ọkọ̀ ní 1816, ó sì ní kí ó dá àwọn ẹrú sílẹ̀ níbi tó bá ti ṣẹ́gun. Ní Havana, gbẹ́nàgbẹ́nà adúláwọ̀ kan, José Antonio Aponte, ń fi ìwé àwòrán han àwọn ènìyàn rẹ̀ kí wọ́n tó pa á ní 1812 nítorí ìdìtẹ̀. Ní Salvador ní Brazil, àwọn Ìmàle tí wọ́n ń pè ní Malê níbẹ̀, ọmọ Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn, dìde ní ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, nínú oṣù Ramadan. Tírà tó ní ẹsẹ Kùránì ló wà lọ́rùn ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ̀sìn wọn ni wọ́n fi mọ̀ pé ènìyàn làwọn. Wọn kò borí, ṣùgbọ́n àwọn kan tí ìjọba Brazil lé jáde lẹ́yìn náà, àti àwọn tó fúnra wọn kúrò, padà sí etíkun wa. Wọ́n wà lára àwọn Àgùdà tí a mọ̀ ní Èkó, Porto-Novo àti Ouidah.

Àwọn alágbára kò dárí ji Haiti. Ní 1825, Charles Kẹwàá, ọba Faransé, rán ọkọ̀ ogun lọ sí èbúté Port-au-Prince, ó sì ní kí wọ́n san 150 mílíọ̀nù fráǹkì fún àwọn tó pàdánù ilẹ̀ àti ẹrú. Ní 1838, wọ́n dín in kù sí 90 mílíọ̀nù. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló san owó ìtanràn fún àwọn tó kó wọn. Amẹ́ríkà, tó kọ́kọ́ kéde ìdọ́gba, kò ka Haiti sí orílẹ̀-èdè títí di 1862. Àwọn gbèsè tí Haiti jẹ kí ó tó lè san owó náà kò tán nílẹ̀ títí di 1947.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ní oṣù Kejìlá 1948, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé péjọ ní Paris láti fọwọ́ sí Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ènìyàn ti gbogbo àgbáyé. Orílẹ̀-èdè 48 fọwọ́ sí i, 8 kò dá sí i, ẹyọ kan kò takò ó. Ọmọ Haiti kan, Émile Saint-Lot, ló gbé ìwé náà síwájú ìpàdé náà lórúkọ ìgbìmọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀tọ́ tí ẹnikẹ́ni ń gbé lọ sílé ẹjọ́ lónìí kì í ṣe ẹ̀bùn àwọn onírònú Yúróòpù nìkan. Àwọn ẹrú Saint-Domingue ní ìpín ńlá nínú rẹ̀, ó sì yẹ kí àwọn olùkọ́ wa máa kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ Boukman, Toussaint àti Belley ní ìjókòó kan náà tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní Locke àti Rousseau.